Ìṣákọ́lẹ̀ orí káàdì: ta ló ni ojú Drogba?

1/ Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti sanwó gbá PES rí ní Ore, ṣé ẹ rántí London FC? Mo kéré nígbà náà. Mo dé ilé géèmù, mo ní Chelsea ni mo fẹ́ mú. Mo wá a títí, mi ò rí i, àkókò tí mo sanwó fún sì ń lọ. Àwọn ẹ̀gbọ́n bú sẹ́rìn-ín: "London FC ni Chelsea, ìwọ ọmọ yìí!" 🧵

2/ Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé Drogba wà níbẹ̀. Orúkọ ẹ̀ pé, ojú ẹ̀ náà ni. Àmì Chelsea nìkan ni ò sí. Mo rò pé ayédèrú CD ni wọ́n tà fún ẹni tó ni ṣọ́ọ̀bù. Rárá o. Ọ̀rọ̀ ìwé àṣẹ ni.

3/ Ó yẹ kó tètè yé àwa ará Omifunfun, torí oko kòkó la ti jáde. Àlejò tó dáko sórí ilẹ̀ onílẹ̀ ló ni kòkó tó gbìn, àmọ́ ilẹ̀ kì í ṣe tiẹ̀. Yóò san ìṣákọ́lẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni bọ́ọ̀lù. FIFPro, ẹgbẹ́ àwọn agbábọ́ọ̀lù, ló ń dúró fún orúkọ àti ojú wọn. Kíláàbù àti líìgì ló ni àmì àti aṣọ. Konami tó ṣe PES gba àṣẹ ojú; EA ló gba ti Premier League. Onílẹ̀ méjì, ìṣákọ́lẹ̀ méjì.

4/ Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti le gan-an ni káàdì họ́kì orí yìnyín, ní Amẹ́ríkà àti Kánádà. Ẹ má sọ pé kò kàn wá o: Rumun Ndur, tí wọ́n bí ní Zaria ní 1975, gbá a fún Buffalo Sabres. Àwòrán eléré wà lójú káàdì, àkọsílẹ̀ eré ẹ̀ wà lẹ́yìn. Àwọn èèyàn ń kó o jọ, wọ́n ń pààrọ̀ ẹ̀, wọ́n ń tà á.

5/ Níbẹ̀, NHL ló ni àmì. NHLPA, ẹgbẹ́ àwọn eléré, ló ń dúró fún ojú. Láàárín ọdún 1990 sí 1999, iléeṣẹ́ pọ̀ tó ń tẹ káàdì: Topps, Fleer, Pacific, Upper Deck. Ní 2004, wọ́n gbé àṣẹ fún Upper Deck nìkan. Pacific kógbá wọlé. In the Game ṣì ń tẹ káàdì, àmọ́ kò lè lo àmì NHL mọ́. London FC náà nìyẹn!

6/ Ta ló wá jèrè? Ẹ wo Sidney Crosby, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2005. Upper Deck nìkan ló ní àṣẹ nígbà náà, torí náà kò sí àríyànjiyàn lórí ibi tí ojúlówó ti wá. Ìyẹn dáa fún ẹni tó ti ní i lọ́wọ́. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ rà ńkọ́? Ọjà tó ní ìsọ̀ kan ṣoṣo, ibo lo fẹ́ lọ ná an? Panini wọlé ní 2010, ó jáde ní 2014, ó tún ku ẹnì kan.

7/ Ẹ jẹ́ ká padà sílé. 21 oṣù kẹfà, 1994, ní Dallas, Rashidi Yekini gbá góòlù àkọ́kọ́ wa nínú World Cup wọlé, sílé Bulgaria. Panini ti Ítálì, tó ti ń gba àṣẹ FIFA láti 1970, fi Super Eagles sínú álíbọ́ọ̀mù ọdún náà. Àwọn ọmọ òyìnbó lẹ ojú àwọn ẹ̀gbọ́n wa mọ́ ìwé. Èmi ò rí ẹyọ kan rí ní Ore.

8/ Sunshine Stars ti Àkúrẹ́ wá ńkọ́, tó jẹ́ tiwa ní Ondo? Mi ò tíì rí káàdì agbábọ́ọ̀lù wọn kankan. Ní ti họ́kì, àwọn tó ń tọrọ ilẹ̀ pọ̀, onílẹ̀ mú ẹnì kan. Ní tiwa, mi ò tíì rí ẹni tó wá tọrọ. Àbọ̀ méjèèjì ò jọra: wọ́n ń ra tiwọn lówó gọbọi, a ń gbàgbé tiwa.

9/ Torí náà, tí bàbá yín tàbí ẹ̀gbọ́n yín bá ní fọ́tò Sunshine Stars àtijọ́ nínú àpótí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jù ú nù. Ẹ kọ orúkọ gbogbo wọn sẹ́yìn ẹ̀. Ìyẹn ò gba ìwé àṣẹ.