Ilé Tí Ẹṣin Fà Kúrò Lágọ̀ọ́
Ọjọ́ tí wọ́n bá ní kí ará àgọ́ máa lọ ni a ń mọ̀ bóyá ibùgbé tí a kọ́ fún un dára. Ní ọjọ́ 18 oṣù kẹrin, ọdún 1906, ilẹ̀ mì tìtì ní San Francisco, iná sì jó ìlú fún nǹkan bí ọjọ́ mẹ́ta. Nínú èrò bí 400,000, ó lé ní 200,000 tí kò nílé mọ́. Àwọn ṣọ́jà pàgọ́ fún wọn, ṣùgbọ́n àkókò òjò ń bọ̀. Kí oṣù kẹta ọdún 1907 tó parí, àwọn káfíńtà ti kan ilé pákó 5,610 sínú àwọn ọgbà ìgbafẹ́ ìlú, wọ́n sì kùn wọ́n láwọ̀ ewé kí wọ́n lè bá igi àyíká mu. Kékeré inú wọn kò ju ẹsẹ̀ bàtà 10 ní fífẹ̀ àti 14 ní gígùn lọ, ká kúkú pè é ní yàrá kan. Inú ètò owó rẹ̀ ni ọgbọ́n wà: dọ́là 2 ni olùgbé ń san lóṣù, wọ́n sì ń yọ ọ́ nínú dọ́là 50 tí ilé náà jẹ́. Nígbà tí ìjọba fẹ́ gba ọgbà padà, ayálégbé àná ti di onílé. Ẹṣin fa ilé lọ sórí ilẹ̀ tí olúwa rẹ̀ rà tàbí tó háyà. Ẹlòmíràn so méjì tàbí mẹ́ta pọ̀. Díẹ̀ nínú wọn ṣì wà lórí ìdúró dòní.

Wọ́n lè ní àgọ́ aṣọ yá ju pákó lọ. Òótọ́ ni, ẹni tí òjò ń pa lálẹ́ òní kò lè dúró de káfíńtà. Àtakò tó le ni ti ilẹ̀: ẹni tí kò rí ibi gbé ilé sí ńkọ́? Nígbà náà, San Francisco ṣì ní ilẹ̀ oníyanrìn tó ṣófo lápá ìwọ̀-oòrùn. Kì í ṣe gbogbo ìlú ló ní in.

Fi èyí wé ti àgọ́ mìíràn: ní 1994, àwọn tó sá kúrò ní Rùwáńdà nítorí ogun ń gé igi fi ṣe òpó àgọ́, débi pé igbó ń tán lọ. UNHCR, àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé tó ń bójú tó àwọn tó sá kúrò nílùú wọn, fún wọn ní òpó alumíníọ́mù; wọ́n tà á, wọ́n padà sídìí igi. Shigeru Ban, ayàwòrán-ilé ará Japan, wá dábàá ọ̀pá páálí tí ẹnikẹ́ni kò ní fẹ́ rà. Wọ́n máa ń yìn ín fún èyí, ó sì tọ́ sí i. Ṣùgbọ́n igbó ni páálí gbà sílẹ̀. Àwọn tó ta alumíníọ́mù ń wá owó, owó náà ni wọ́n ṣì ń wá.