Àwọn Oníbodè Orí Àwo DVD



Ní ayé àtijọ́, oníbodè ni í jókòó sí ẹnu odi ìlú, tí í gba owó bodè lọ́wọ́ ẹni tí ó bá ru ẹrù kọjá. Mo rántí wọn ní Olúpọ̀nnà, nítòsí Ìwó, nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi kan ti Lọ́ńdọ̀nù wá ṣọdún nílé. Wọ́n ra àwo fíìmù kan bọ̀ fún Màmá. Kọ̀ǹpútà alágbèéká tí ó wà nílé, láti Amẹ́ríkà ni wọ́n ti fi í ránṣẹ́. A ki àwo bọ̀ ọ́, ó ní nọ́ńbà ẹkùn kò bára mu. Màmá béèrè bóyá àwo náà ti fọ́ ni. Kò fọ́. Oníbodè ni ó dá a dúró.

Ta ni ó gbé oníbodè síbẹ̀? Ní ọdún 1996 ni DVD kọ́kọ́ jáde ní Jàpáànù. Àwọn ilé-iṣẹ́ sinimá ńlá ti Amẹ́ríkà rò ó pé fíìmù tí wọ́n ti wò tán lọ́dọ̀ wọn lè máà tíì dé Yúróòpù. Bí àwo bá ṣáájú débẹ̀, ta ni yóò tún ra tíkẹ́ẹ̀tì? Bẹ́ẹ̀ ni a ṣe pín ayé sí ẹkùn 6.

Ẹ wá wo bí wọ́n ṣe pín àwa ọmọ Yorùbá. Nàìjíríà, Benin àti Tógò bọ́ sí ẹkùn 5, àwa pẹ̀lú Rọ́ṣíà àti Íńdíà. Ará wa tí ó wà ní Bírítéènì bọ́ sí 2, ti Amẹ́ríkà bọ́ sí 1. Bàhíà ní Bùràsíìlì àti Kúbà, níbi tí wọ́n ti ń bọ Ṣàngó àti Yemọja títí di òní, bọ́ sí 4. Ìdílé kan ṣoṣo, ẹkùn mẹ́rin! Kò sí ẹni tí ó bi wá.

Ṣáájú ọdún 2000, ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ tí ń ka àwo nínú kọ̀ǹpútà kì í ṣọ́ bodè fúnra wọn. Láti January 1, 2000 ni a ti pàṣẹ pé kí ẹ̀rọ náà gan-an máa pa nọ́ńbà mọ́. Ẹni tí ó ni ín lè yí i padà lẹ́ẹ̀marùn-ún péré; èyí tí ó bá yàn ní ìkarùn-ún ni yóò dúró síbẹ̀. Bí a pa Windows rẹ́ tí a tún un fi sí i, òfo ni, nítorí inú ẹ̀rọ ni kíkà náà wà. Ẹ̀gbọ́n mi yí tiwa sí 2, Màmá wo fíìmù wọn. Àwo ti Amẹ́ríkà dé, a tún yí i. Kò pẹ́ tí ó fi ku ẹyọ kan, tí àwa ọmọ ilé ń jiyàn lórí rẹ̀ bí ẹni ń pín ogún.

Àwọn kan ti já àgádágodo náà. Ní 1999, Jon Lech Johansen, ọmọ ọdún 15 ní Norway, wà lára àwọn tí ó ṣe DeCSS. Wọ́n pè é lẹ́jọ́, ilé ẹjọ́ sì dá a sílẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì ní 2003. VLC, iṣẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Faransé, kì í béèrè nọ́ńbà ẹkùn, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn ẹ̀rọ kan ń bá a ṣorí kunkun.

Àwọn fíìmù tiwa ńkọ́? Nígbà Àjàní Ògún (1976) àti Ayé ti Ògúndé (1979), olówó fíìmù fúnra rẹ̀ ni í gbé e káàkiri ìlú. Nígbà Ti Olúwa Nilẹ̀ ti Túndé Kèlání (1993), kásẹ́ẹ̀tì ti gbòde. Ti Nàìjíríà kì í sì í fẹ́ ṣiṣẹ́ nínú ẹ̀rọ Amẹ́ríkà, nítorí ìlànà àwòrán wọn yàtọ̀. VCD ni ó wá tú wa sílẹ̀. Àwòrán rẹ̀ kò mọ́ tó ti DVD, ṣùgbọ́n kò ní nọ́ńbà ẹkùn rárá, kọ̀ǹpútà ìlú yòówù sì ń kà á. Òun ni fíìmù Yorùbá gùn kọjá òkun (àwọn tí ń jí fíìmù tà náà gùn ún, kí n má purọ́).

Blu-ray tún pín ayé sí mẹ́ta: àwa àti Bírítéènì wà ní B, Amẹ́ríkà àti Bùràsíìlì ní A. Èyí tí ó jáde ní 2016, Ultra HD, kò ní oníbodè mọ́. Ní ti kọ̀ǹpútà Olúpọ̀nnà, ó ṣì wà nínú àpótí Màmá. Nọ́ńbà 1 ni àwọn fúnra wọn fi ìkarùn-ún yàn, nítorí pé àbúrò wa ti Amẹ́ríkà ni í fi àwo ránṣẹ́ jù.