Ìwé Ìrántí Akẹ́kọ̀ọ́jáde Gẹ́gẹ́ Bí Orísun Ìtàn: Azikiwe ní Howard

Bí a bá fẹ́ kọ ìtàn yunifásítì, àkọsílẹ̀ ìpàdé àwọn aláṣẹ ni a sábà máa ń kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Ṣùgbọ́n àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà ní ìwé tiwọn. Ní àwọn ọdún 1920, àwọn tí ó ń gboyè ní Yunifásítì Howard ní Washington, tí a dá sílẹ̀ ní 1867, ń tẹ ìwé ìrántí tí wọ́n pè ní The Bison: àwòrán wọn, orúkọ wọn, ẹgbẹ́ tí wọ́n ṣe. Wọ́n ti fi ẹ̀rọ ya àwọn ìwé náà sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹni tí ó jókòó sí Trans-Nkisi ní Onitsha lè ṣí wọn wò.

Ó sì yẹ kí ará Onitsha ṣí wọn, nítorí ọmọ wọn, Nnamdi Azikiwe, wà ní Howard ní ìparí àwọn ọdún náà. Ṣùgbọ́n kò gboyè níbẹ̀. Àìsówó ni ó gbé e lọ sí Yunifásítì Lincoln ní Pennsylvania, níbi tí ó ti gboyè ní 1930. Ibí yìí ni kí olùwádìí ti ṣọ́ra. Ìwé àwọn tí ó parí ni ìwé ìrántí. Ẹni tí àìsówó lé kúrò kì í sábà sí láàrin wọn. Bí a bá fi ìwé yìí nìkan ka àwọn ọmọ Áfíríkà tí ó gba Howard kọjá, àwọn òtòṣì ni yóò kọ́kọ́ pòórá.

Ọ̀rọ̀ orúkọ tún wà níbẹ̀. Ben N. Azikiwe ni ó fi tẹ àpilẹ̀kọ rẹ̀ lórí ìtàn Onitsha jáde nínú Journal of Negro History ní 1930. Ní 1934, nígbà tí wọn kò gbà kí ó sáré fún Nàìjíríà nínú ìdíje Ilẹ̀ Ọba ní London, ni ó pa Benjamin tì. Kọ̀ǹpútà kò gbọ́ ìtàn yẹn. Ẹni tí ó bá tẹ Nnamdi nìkan sí i lè má rí ohun tí ó kọ nígbà náà. (Ká má tilẹ̀ sọ ti orúkọ Yorùbá tí atẹ̀wé òkèèrè kò mọ bí a ti ń kọ.)

Ní ti Nàìjíríà, inú àpótí ilé ni púpọ̀ nínú irú ìwé bẹ́ẹ̀ wà. Kí a yà wọ́n sórí ẹ̀rọ dára. Lójú tiwa, kí a kọ́kọ́ jókòó ti àwọn tí ó ni wọ́n, nígbà tí wọ́n ṣì lè dárúkọ ẹlẹgbẹ́ wọn tí kò sí nínú àwòrán, kí wọ́n sì sọ ohun tí ó lé e lọ.