Ìwé Tí Wọn Kò Ní: Àwọn Ọ̀dọ́kùnrin Yorùbá Ní Gold Coast

Bí ọ̀rọ̀ àwọn ọ̀dọ́kùnrin tó ń wá iṣẹ́ nílẹ̀ òkèèrè láìní ìwé ẹ̀rí bá délẹ̀, àwọn ènìyàn a máa sọ ọ́ bí ẹni pé ohun tuntun ni. Kò tuntun nílẹ̀ Yorùbá. Tipẹ́tipẹ́ kí Gold Coast tó di Ghana ní 1957 ni àwọn ọmọkùnrin Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀fà, Ìlọrin àti Ṣakí ti ń lọ síbẹ̀, tí púpọ̀ nínú wọn kò sì dé ẹnu ọ̀nà ilé ìwé rí.

Ẹ̀gbọ́n tàbí ará ilé kan ní Kumasi tàbí Tamale ló ń gbà wọ́n sílé. Owó oṣù kò sí. Ọmọ náà yóò gbé àtẹ abẹ́rẹ́, òwú, òòyà àti dígí, yóò máa kiri láti abúlé dé abúlé, yóò sì kó owó ọjà fún ọ̀gá lálẹ́. Oúnjẹ, aṣọ àti ibùsùn ni tirẹ̀. Láàrin ọdún díẹ̀, yóò gbọ́ Twi tàbí Dagbani, yóò mọ ọjọ́ ọjà ìlú kọ̀ọ̀kan, yóò sì mọ ẹni tí a lè tà láwìn fún. Bí ọ̀gá bá rí i pé ó ti gbọ́n tó, a fún un ní ojú owó kí ó dá dúró. Kò sì ní pẹ́ tí òun náà yóò fi ránṣẹ́ sílé pé kí àbúrò òun máa bọ̀. Ètò yìí ní ìrẹ́jẹ tirẹ̀, nítorí ọ̀gá tó bá lójú kòkòrò lè fi ọmọ ọlọ́mọ ṣiṣẹ́ títí láìfún un ní ohunkóhun. Síbẹ̀, òun ló sọ ọ̀pọ̀ aláìmọ̀wé di onísọ̀ ní ọjà ńlá.

Ní ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá 1969, ìjọba Kofi Busia pàṣẹ pé kí àjèjì tí kò ní ìwé àṣẹ ìgbélùú wá a láàrin ọ̀sẹ̀ méjì, tàbí kí ó kúrò. Ọjà tó wà ní ìsọ̀ ṣeé tà lọ́pọ̀. Gbèsè tó wà lọ́rùn àwọn oníbàárà ni kò ṣeé tà: orí ni ẹni tí kò mọ̀wé ń kọ ọ́ sí, ọ̀sẹ̀ méjì kò sì tó láti kárí abúlé.

Àwọn ọmọ tó ṣì ń sin ọ̀gá ni ìyà náà jẹ jù. Ẹni tí ìbá fún wọn ní ojú owó ti pàdánù tirẹ̀, ọdún tí wọ́n sì fi kiri ọjà kò ní ẹ̀rí kankan tí wọ́n lè fi han agbanisíṣẹ́ ní Nàìjíríà, níbi tí ogun abẹ́lé kò tíì parí. Ghana ni wọ́n bí àwọn mìíràn nínú wọn sí. Ìgbà yẹn ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fojú kan ìlú tí wọ́n ní ó jẹ́ tiwọn.