Ta Ló Jẹ Èrè Iyọ̀ Taghaza?

Ọ̀pọ̀ wa ni wọ́n kọ́ nílé ẹ̀kọ́ girama pé láyé àtijọ́, bí iyọ̀ ṣe wúwo tó ni wúrà tí wọ́n fi ń rà á ní ìhà Sàhárà ṣe ń wúwo. Ọ̀rọ̀ náà dùn létí. Ṣùgbọ́n kí a tó gbà á, ẹ jẹ́ kí a dé ibi tí iyọ̀ náà ti ń wá.

Ìhà àríwá orílẹ̀-èdè Màlì ni Taghaza àti Taoudenni wà, láàárín aṣálẹ̀ gan-an. Ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn, Sàhárà kò gbẹ báyìí. Òjò ń rọ̀, adágún omi sì wà níbẹ̀. Nígbà tí òjò dáwọ́ dúró, oòrùn fa omi gbẹ, iyọ̀ inú rẹ̀ ṣẹ́kù, ó di ìpele ìpele lábẹ́ amọ̀. Ilẹ̀ ibẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ, kò sí igi, omi kànga pàápàá níyọ̀ lẹ́nu.

Ibn Battuta, arìnrìn-àjò ọmọ Mòrókò, dé Taghaza ní ọdún 1352 lẹ́yìn ìrìn ọjọ́ 25 láti Sijilmasa. Ó ní iyọ̀ ni wọ́n fi kọ́ ilé àti mọ́ṣáláṣí ibẹ̀, awọ ràkúnmí ni wọ́n sì fi ṣe òrùlé. Ẹrú àwọn Masufa nìkan ló ń gbé ibẹ̀, àwọn ló ń wa iyọ̀. Dàbínù láti Mòrókò, ẹran ràkúnmí àti ọkà láti ilẹ̀ adúláwọ̀ ni oúnjẹ wọn. Bí àwọn oníràkúnmí bá pẹ́ kí wọ́n tó dé, ebi dé nìyẹn.

Ọkùnrin yìí kan náà ló sọ iye tí wọ́n ń ta iyọ̀. Ní Walata, ẹrù ràkúnmí kan jẹ́ mithqal wúrà 8 sí 10. Ní olú ìlú Màlì, ó ń tó 20 sí 30, nígbà mìíràn 40. Mithqal kan fi díẹ̀ ju gíráàmù 4 lọ. A jẹ́ pé 40 kò tó gíráàmù 200, bẹ́ẹ̀ ẹrù ràkúnmí lè ju kílò 100 lọ. Iyọ̀ kò wọ́n tó bí wọ́n ṣe wí. Ohun tó pọ̀ ni èrè ojú ọ̀nà: láti Walata dé Màlì, owó náà lè di ìlọ́po mẹ́rin. Oníṣòwò ló jẹ ẹ́, kì í ṣe ẹrú tó wa iyọ̀. Ọ̀bọ ń ṣiṣẹ́, ìnàkí ń jẹ.

Àwọn ọba náà bá ara wọn du ibẹ̀. Songhai ló ń gba owó orí iyọ̀ Taghaza. Àwọn sultan Mòrókò ní tiwọn ni. Ní 1591, ọmọ ogun Ahmad al-Mansur, tí Judar Pasha kó sòdí, fi ìbọn ṣẹ́gun Askia Ishaq Kejì ní Tondibi. Ṣùgbọ́n kí ogun yìí tó dé ni ìjà lórí Taghaza ti mú kí àwọn kan fi ibẹ̀ sílẹ̀ lọ máa wa iyọ̀ ní Taoudenni.

Ní Taoudenni, wọ́n ṣì ń gbẹ́ kòtò, wọ́n ń gé iyọ̀ ní pẹlẹbẹ bíi pátákó, ràkúnmí kan á ru mẹ́rin lọ sí Timbuktu, ìrìn bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ọkọ̀ akẹ́rù ti ń gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ ràkúnmí. Ìjọba Moussa Traoré tilẹ̀ sọ ibẹ̀ di ẹ̀wọ̀n fún àwọn alátakò rẹ̀. Ọdún 1988 ni wọ́n tó tì í pa.

Kí ló kan àwa tí à ń kọ́ Yorùbá? Ọ̀pọ̀ onímọ̀ èdè gbà pé láti inú èdè Songhai ni “àlùfáà” ti wọ èdè wa. Ọ̀rọ̀ àwọn tó ń rin ọ̀nà ìṣòwò Songhai nìyẹn, ó sì wà lẹ́nu wa títí dòní. Orúkọ àwọn ọba náà wà nínú ìwé. Àwọn tó wa iyọ̀ ni kò sẹ́ni tó kọ orúkọ wọn sílẹ̀. Nítorí náà, ẹ̀yin akẹgbẹ́ wa tí ẹ ó di olùkọ́ lọ́la, bí ẹ bá dé orí ẹ̀kọ́ iyọ̀ àti wúrà, ẹ má gbàgbé wọn.