Báwo ni tẹ́tẹ́ ṣe bá ẹni tí ojú rẹ̀ fọ́ lágbà wọ yàrá?

Láyé púùlù, ojú ni wọ́n fi ń ta tẹ́tẹ́.

Ní àwọn ọdún 1960 àti 1970, ìwé ni àwọn tó ń ta púùlù ní Nàìjíríà máa ń kọ. Ìdíje àwọn ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló máa ń wà nínú rẹ̀, tí àwọn yẹn bá sì wà ní ìsinmi, ti Australia yóò rọ́pò wọn. Rédíò lè ka èsì síni létí, ṣùgbọ́n lẹ́tà inú ìwé náà kéré. Bí ojú baba kan bá ti ń ṣe bàìbàì, àfi kó pe ọmọ tàbí aládùúgbò kó wá bá a kọ ọ́.

Ẹni yẹn ló mọ iye tí baba fi ta á, òun náà ló máa kọ́kọ́ mọ̀ bí owó oúnjẹ bá ti ń bá a lọ. Tẹ́tẹ́ náà ní ẹlẹ́rìí.

Nígbà tí lọ́tò gbòde, irú èyí tí wọ́n ń mú nọ́ńbà márùn-ún nínú 90 ní Ghana, kò nílò ìwé kíkà mọ́. Èèyàn lè há nọ́ńbà rẹ̀ sórí kó sì pè é fún ẹni tó ń ta á. Síbẹ̀, ó ṣì ní láti jáde nílé, ẹni tó ń ta lọ́tò sì mọ̀ ọ́n dáadáa.

Ọdún 2001 ni fóònù GSM dé Nàìjíríà. Ní 2009, iPhone àti Android bẹ̀rẹ̀ sí í ní ohùn tó ń ka ohun tó wà lójú fóònù fún ẹni tí kò ríran. Ìrànlọ́wọ́ ńlá ni. Ẹni tí ojú rẹ̀ fọ́ lẹ́ni 50 ọdún, tí kò mọ Braille, tún lè ka àtẹ̀jíṣẹ́ ara rẹ̀.

Irú wọn kò kéré. Ìwádìí tí wọ́n ṣe káàkiri Nàìjíríà láàárín 2005 sí 2007 fojú bù ú pé ó lé ní mílíọ̀nù kan èèyàn tó ti pé 40 ọdún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ tí ojú wọn ti fọ́. Cataract àti glaucoma ló fà á jù. Awakọ̀ kò lè wa ọkọ̀ mọ́, aránṣọ kò rí ihò abẹ́rẹ́ mọ́. Iṣẹ́ lọ, ọjọ́ wá gùn.

Bí ohùn fóònù bá ti lè ka ojú ìwé tẹ́tẹ́, èèyàn lè fi nǹkan sétí lóru, kó máa ta á títí owó báńkì rẹ̀ yóò fi tán, kí ẹni tó sùn tì í má sì mọ̀. Àjọ ìlera àgbáyé, WHO, ka tẹ́tẹ́ tó ti di bárakú mọ́ àìsàn. Àmọ́ ta ni yóò rí i?

Mi ò ní kí wọ́n gba fóònù lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni o. Òfin ọdún 2019 tó dáàbò bo àwọn àkàndá ẹ̀dá kò fàyè gba irú ìyàsọ́tọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ọ̀pọ̀ ọdún ni ìjọba àpapọ̀ àti ìpínlẹ̀ fi wà nílé ẹjọ́ lórí ta ló láṣẹ lórí lọ́tò, kí ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ tó wọ́gi lé òfin lọ́tò ọdún 2005 ní oṣù Kọkànlá, 2024, pé ti ìpínlẹ̀ ni.

Ní ti ìkìlọ̀ pé kéèyàn má ta tẹ́tẹ́ kọjá agbára rẹ̀, ìsàlẹ̀ ìpolówó ló sábà máa ń wà, ní lẹ́tà wínníwínní. Bó bá jẹ́ àwòrán ni wọ́n fi ṣe é láì kọ àlàyé sí i, ohùn fóònù lè fò ó kọjá.