Ọkọ̀ Eré-Ìje Síkì: Ilé Là Á Ti í Kẹ́ṣọ̀ọ́ Ròde



Nígbàkúùgbà tí mo bá ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bí ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ ṣe máa ń gbilẹ̀, ọ̀rọ̀ kan tí mo fẹ́ràn láti fi ṣe àpẹẹrẹ ni ọkọ̀. Kí mọ́tò tó dé ilẹ̀ wa, orí omi ni ọkọ̀ ń gbé. Àjẹ̀ ni a fi ń wà á. Àwọn ará etí ọ̀sà ni wọ́n sì ń jẹ́ awakọ̀ kí dírẹ́bà kankan tó jẹ́ ẹ. Ìgbà tí ayé ń yí ni ọ̀rọ̀ náà gorí ilẹ̀, tí rélùwéè di ọkọ̀ ojú irin, tí bàálù sì di ọkọ̀ òfuurufú. Lónìí, mo fẹ́ kí a dá ọ̀rọ̀ náà padà sórí omi, kí a wo irú ọkọ̀ kan tí àwọn baba wa kò mọ̀: ọkọ̀ eré-ìje síkì.

Síkì ni pákó tẹ́ẹ́rẹ́ tí ènìyàn ń dúró lé lórí, tí ọkọ̀ yóò sì máa fi okùn fà á lọ lójú omi. Nínú eré-ìje rẹ̀, ọkọ̀ a máa fa ẹnì kan tàbí ẹni méjì láti ibì kan dé ibòmíràn, ẹni tí ó bá sì tètè dé ni ó borí. Ṣùgbọ́n bí ọkọ̀ bá dé òpin láìsí ẹni tí ó ń fà lẹ́yìn, asán ni gbogbo eré tí ó sá. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ọ̀rọ̀ yìí sọ́kàn. Gbogbo ọgbọ́n tí a ń ta sí títo ọkọ̀ yìí àti títọ́jú rẹ̀, nítorí ẹni tí ó wà ní ìpẹ̀kun okùn ni.

Pákó méjì àti ìkòkò ìyá

Ní ìlú Lake City, ní ìpínlẹ̀ Minnesota ní orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, ọ̀dọ́mọkùnrin kan wà tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Ralph Samuelson. Etí Lake Pepin ni ìlú náà wà, níbi tí odò Mississippi ti fẹ̀ bí ọ̀sà. Nígbà ooru ọdún 1922, Samuelson, tí kò tíì pé ọmọ ọdún 19, rò ó pé bí ènìyàn bá lè máa yọ̀ lọ lórí yìnyín, ó yẹ kí ó lè yọ̀ lọ lórí omi pẹ̀lú. Ó fi pákó ara àgbá gbìyànjú, ó rì. Ó fi síkì orí yìnyín gbìyànjú, ó tún rì. Ó wá ra pákó páìnì méjì tí gígùn wọn jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 8, tí fífẹ̀ wọn jẹ́ íǹṣì 9. Ó se ṣóńṣó wọn nínú ìkòkò bàbà ìyá rẹ̀ títí tí wọ́n fi rọ̀, ó sì tẹ̀ wọ́n sókè.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Ben, ni ó ń wa ọkọ̀ fún un. Fún ọjọ́ mélòó kan ni omi ń gbé e mì. Ní ọjọ́ 2 oṣù Keje, ó yí ọgbọ́n padà: ó fẹ̀yìn rọ̀, ó sì jẹ́ kí ṣóńṣó síkì méjèèjì yọ sókè omi kí ọkọ̀ tó fà á. Ó dìde, kò sì rì mọ́.

Ẹ kíyè sí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀. Agbára ọkọ̀ náà kò lé sí i ní ọjọ́ yẹn. Ohun tí ó yàtọ̀ ni bí pákó ṣe dojú kọ omi. Samuelson kò gba ìwé ẹ̀tọ́ kankan lórí ohun tí ó ṣe, ó sì di ọdún 1966 kí ẹgbẹ́ àwọn eléré síkì orí omi ní Amẹ́ríkà tó gbà pé òun ni ó kọ́kọ́ ṣe é. Ó kú ní ọdún 1977. Ẹ̀kọ́ tí ó kọ́ lójú omi ní ọjọ́ náà ni gbogbo àwọn tí ń to ọkọ̀ eré-ìje ṣì ń lò títí dòní.

Láti ẹ́ńjìnnì dé ìsàlẹ̀ ọkọ̀

Kí Samuelson tó bẹ̀rẹ̀, ẹ́ńjìnnì tí a ń so mọ́ ìdí ọkọ̀ ti wà lọ́jà. Ole Evinrude, tí wọ́n bí ní Norway tí ó sì dàgbà ní Amẹ́ríkà, bẹ̀rẹ̀ sí í ta tirẹ̀ ní Milwaukee ní ọdún 1909. Agbára ẹṣin kan àbọ̀ péré ni ẹ́ńjìnnì náà ní. Lónìí, àwọn ọkọ̀ síkì tí ó yára jù lọ ní agbára ẹṣin tí ó lé ní 1,000.

Ní ọdún 1939, ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Carl Kiekhaefer ra ilé iṣẹ́ kan tí ó ti kógbá sílé ní Cedarburg, ní ìpínlẹ̀ Wisconsin. Nínú ilé náà ni ó ti bá ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì tí oníbàárà ti kọ̀ padà nítorí pé wọn kì í ṣiṣẹ́ dáadáa. Iṣẹ́ mìíràn ni ó fẹ́ fi ilé náà ṣe, ṣùgbọ́n ó tú àwọn ẹ́ńjìnnì náà palẹ̀, ó tún wọn ṣe, ó sì tà wọ́n. Wọ́n ṣiṣẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí oníbàárà fi ní kí ó tún ṣe sí i. Bí ẹ́ńjìnnì Mercury, tí ó lókìkí nínú eré-ìje orí omi, ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Àtúnṣe ni ìpìlẹ̀ rẹ̀.

Bí agbára ṣe ń pọ̀ sí i ni eré-ìje náà ń gùn sí i. Ní ọdún 1948 ni wọ́n kọ́kọ́ sá eré síkì láti Long Beach ní California lọ sí erékùṣù Catalina àti àbọ̀, ìrìn tí ó tó máìlì 62 lórí òkun gbangba. Ní Australia, àwọn eléré bẹ̀rẹ̀ sí í sá eré lórí odò Murray ní àwọn ọdún 1960. Southern 80 ni wọ́n ń pe eré náà lónìí, nítorí pé kìlómítà 80 ni, ó sì parí sí ìlú Echuca. Odò náà ń kọ́rọ kiri láàrin igi ńláńlá, síbẹ̀ àwọn ọkọ̀ tí ó yára jù ń parí ìrìn náà ní bí ìdajì wákàtí. Ẹ ṣírò rẹ̀: kìlómítà 160 láàrin wákàtí kan ni, ènìyàn ẹlẹ́ran ara sì ń bẹ lẹ́yìn.

Omi òkun kì í tẹ́jú, ọkọ̀ tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ a sì máa fi àyà lu ìgbì gbì-gbì-gbì. Raymond Hunt, ará Amẹ́ríkà kan tí ń ya àwòrán ọkọ̀, ni ó gbé ìsàlẹ̀ ọkọ̀ tí ó mú bí ojú àáké láti iwájú títí dé ìdí kalẹ̀. Ní ọdún 1960, ọkọ̀ Moppie tí Dick Bertram kàn ní ìlànà yìí borí nínú eré-ìje láti Miami sí Nassau nígbà tí òkun ń ru gùdù. Láti ìgbà náà ni irú ìsàlẹ̀ bẹ́ẹ̀ ti gbòde. Ṣùgbọ́n kò sí ohun tí ó dára tí kò ní àléébù tirẹ̀. Ọkọ̀ tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ mú ń fẹ́ agbára púpọ̀, bí eré bá sì pọ̀, ó a máa yí sọ́tùn-ún yí sósì lórí ojú àáké rẹ̀. Ìdí nìyí tí ọkọ̀ tí a kàn fún odò fi yàtọ̀ sí èyí tí a kàn fún òkun.

Títo ọkọ̀

Nígbà tí eré bá ti le, apá tí ó kéré jù lọ ni ó ṣì kan omi lára ọkọ̀: bí ìwọ̀nba ìdí rẹ̀ àti pùròpẹ́là, abẹ̀bẹ̀ irin tí ń yí lábẹ́ omi. Nítorí náà, ohun mẹ́ta ni atukọ̀ ń wò kí ó tó kúrò nílé.

Èkínní ni bí ẹ́ńjìnnì ṣe ga tó ní ìdí ọkọ̀. Bí ó bá rì jù, omi ń fà á sẹ́yìn. Bí ó bá ga jù, pùròpẹ́là yóò máa gba afẹ́fẹ́ dípò omi, omi tí ń tu ẹ́ńjìnnì lára kò sì ní í gòkè tó. Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń gbé e sókè, tí wọ́n sì ń fi ojú ṣọ́ aago tí ń fi ipá omi hàn.

Èkejì ni igun tí ẹ́ńjìnnì fi dojú kọ omi. Bí a bá yí i síta, iwájú ọkọ̀ á gbé sókè, eré á sì pọ̀ sí i. Bí a bá yí i jù, iwájú ọkọ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í fò sókè fò sílẹ̀ bí alángbá tí ń dọ̀bálẹ̀. Ìwúwo ènìyàn àti epo nínú ọkọ̀ náà wà lára èyí, nítorí pé ọkọ̀ tí epo rẹ̀ kún kì í hùwà bí èyí tí epo rẹ̀ ti jó tán. Ẹ rántí Samuelson àti ṣóńṣó síkì rẹ̀: ọ̀rọ̀ kan náà ni.

Ẹ̀kẹta ni pùròpẹ́là fúnra rẹ̀. Iye tí à ń kọ sí i lára ni bí yóò ṣe rìn jìnnà tó bí ó bá yí lẹ́ẹ̀kan. Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò kékeré. Ká ní ẹ́ńjìnnì ń yí ní ìgbà 6,000 láàrin ìṣẹ́jú kan, tí jíà sì pín in sí 1.75. Pùròpẹ́là yóò yí ní bí ìgbà 3,430. Bí ìrìn rẹ̀ bá jẹ́ íǹṣì 26, bíi sẹ̀ǹtímítà 66, ó yẹ kí ọkọ̀ sá kìlómítà 136 láàrin wákàtí kan. Ṣùgbọ́n omi kì í ṣe ilẹ̀ líle, pùròpẹ́là a máa yọ̀. Bí a bá yọ ìdá mẹ́wàá kan kúrò, ó ku bíi kìlómítà 122. Ẹni tí ó bá fi pùròpẹ́là tí ìrìn rẹ̀ gùn jù sí i nítorí ojúkòkòrò, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kò ní í lè yí dé ibi tí agbára rẹ̀ wà, kò sì ní í lè fa ènìyàn méjì dìde nínú omi kíá.

Àwọn tí ó mọṣẹ́ kì í yí ohun méjì padà lẹ́ẹ̀kan náà. Wọ́n á yí ọ̀kan, wọ́n á dán an wò, wọ́n á sì kọ ọ́ sínú ìwé: bí omi ṣe rí, bí epo ṣe pọ̀ tó, iye ìyípo, iye eré. Bí a bá fẹ̀sọ̀ pa èèrà, a ó rí ìfun inú rẹ̀.

Títọ́jú rẹ̀

Bí ọkọ̀ bá ti inú omi iyọ̀ dé, omi tútù tí kò níyọ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń fi ṣan inú ẹ́ńjìnnì, nítorí pé iyọ̀ a máa jẹ irin, a sì máa dí ọ̀nà omi. Rọ́bà kékeré tí ń yí nínú pọ́ǹpù omi kò gbọ́dọ̀ gbó sójú rẹ̀. Wọ́n a máa pààrọ̀ rẹ̀ kí ó tó ya. Wọ́n a máa tú ọ́ìlì jíà wò: bí ó bá funfun bí omi ògì, omi ti wọlé nìyẹn, ibi tí ó gbà wọlé ni kí a wá kí a tó tún wọ odò. Wọ́n a máa fi ìka tọ etí pùròpẹ́là láti wò bóyá ó ti ṣẹ́ tàbí ó ti tẹ̀, nítorí pé èyí tí kò dọ́gba ń gbọn ọ̀pá tí ó gbé e títí yóò fi bà á jẹ́. Wọ́n a máa wo sítiárìn, òpó tí a so okùn mọ́ àti àwọn nọ́ọ̀tì rẹ̀. Okùn tí ó bá ti ń tú fọ́nrán, a kì í tún un so. A ń jù ú nù ni.

Ohun kan tún wà tí ó kéré lójú: okùn tẹ́ẹ́rẹ́ tí atukọ̀ ń so mọ́ ara rẹ̀. Bí atukọ̀ bá já bọ́, okùn yìí ni yóò pa ẹ́ńjìnnì kí ọkọ̀ má baà di ẹṣin tí kò ní olúwa láàrin àwọn tí ó wà nínú omi.

Ẹni tí ó wà ní ìpẹ̀kun okùn

Yàtọ̀ sí atukọ̀, ẹnì kan wà nínú ọkọ̀ tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ pé kí ó máa wo ẹ̀yìn. Mo fẹ́ láti máa pè é ní alóre, ọ̀rọ̀ àtijọ́ tí a fi ń pe ẹni tí ń ṣọ́ ìlú. Ojú alóre kò gbọ́dọ̀ kúrò lára ẹni tí a ń fà. Bí ẹni náà bá fi ọwọ́ hàn pé kí eré pọ̀, alóre á sọ fún atukọ̀. Bí ó bá ní kí ó dínkù, ó gbọ́dọ̀ dínkù. Bí ó bá ṣubú, alóre náà ni yóò gbé àsíá sókè kí ọkọ̀ tí ń bọ̀ lẹ́yìn má baà gùn ún. Ní irú eré bẹ́ẹ̀, omi kì í rọ̀ fún ẹni tí ó bá já lé e. Àwọn kan ti kú nínú eré yìí, àwọn mìíràn sì fara pa.

Ìdí nìyí tí n kò fi gbà pé ìtàn agbára nìkan ni ìtàn ọkọ̀ yìí. Nọ́ọ̀tì tí ó tú, ọ́ìlì tí a kò yẹ̀ wò, ẹni ẹ̀yìn ni yóò san owó rẹ̀, bẹ́ẹ̀ sì ni kò sí níbẹ̀ nígbà tí a ń tì í. Bẹ́ẹ̀ náà ni ó rí fún àwọn èrò tí ń wọ ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì láti Ìkòròdú lọ sí Èkó ní òwúrọ̀. Wọn kò rí awakọ̀ nígbà tí ó ń yẹ ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wò, tàbí nígbà tí kò yẹ̀ ẹ́ wò. Èdè wa ní orúkọ fún eré tí kò ní ìmúrasílẹ̀: eré àsápajúdé ni. Eré tí a ti fi sùúrù tò láti ilé, tí alóre ń ṣọ́, ni ó ń mú gbogbo ènìyàn dé èbúté.